Sẹ̀ǹtí Kan Tó Sọnù Lára Fèrèsé

Ajé, 14 Oṣù Keje, 2025

Iṣẹ́ dé! Fèrèsé mẹ́rìndínláàádọ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ tuntun kan ní Ìgàndó. Mo ti ka nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lórí bébà tí Bàbá mú wálé, inú mi sì ń dùn bí ẹni pé èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Láti ìgbà tí mo ti parí ní yunifásítì tí mo ń dúró de lẹ́tà àgùnbánirọ̀, mi ò tíì rí i kí Bàbá rẹ́rìn-ín wọlé báyìí.

Ṣùgbọ́n bó ṣe jókòó tán ló sọ ọ̀rọ̀ kan tó mú kí oúnjẹ dúró sí wa lẹ́nu. Láti ìgbà ààwẹ̀, iṣẹ́ mẹ́ta ló ti wọn gíláàsì wọn ṣì, tí wọ́n sì bàjẹ́. Ó ní, "Ìyá Mardiyah, mo ti pinnu. Bí gíláàsì kan ṣoṣo bá bàjẹ́ lórí iṣẹ́ yìí, màá ti ṣọ́ọ̀bù pa, màá sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́." Ìyá mi ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní òun ti sọ ọ́ ná.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ní Ẹ̀gbẹ́dá. Kí ni yóò máa ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó jókòó síwájú ilé kó máa ka ewúrẹ́? Mo sọ fún un pé èmi ni màá bá a ṣírò ìwọ̀n gíláàsì yìí, pé màá kọ áàpù sórí fóònù mi tí yóò máa ṣe é. Ó wo fóònù náà, ó ní, "Eléyìí tó ń gbé ijó kiri yìí?" Kò sọ pé rárá ṣá.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Keje

Mo ra ẹ̀rọ ìwọ̀n kan ní Abúlé Ẹ̀gbá. Téèyàn bá gbé e ti ògiri kan, iná pupa yóò lọ bá ògiri kejì, ẹ̀rọ náà á sì kọ ìwọ̀n gàdàgbà sójú ara rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n náírà ni. Owó bàtà tí mo fẹ́ gbé lọ sí ibi ìsìnlú ló lọ síbẹ̀. Kò dùn mí rárá.

Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó na ọwọ́ jìnnà, ó sì kà á fúnra rẹ̀. "Ọ̀kan póìǹtì mẹ́ta odo mẹ́fà." Ẹnu yà mí, nítorí lóṣù tó kọjá ó ní kí n bá òun ka téèpù, ó ní òun gbàgbé awò ojú òun sílé. Bàbá kò ní awò ojú. Ilà wẹ́wẹ́ ara téèpù ni kò rí mọ́, kò sì fẹ́ sọ. Mo ní kó wọn ògiri kejì.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Keje

Kí n tó kọ kóòdù, mo ní kí Bàbá sọ òfin iṣẹ́ fún mi. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́:

"Mo máa ń yọ àyè rọ́bà kúrò kí n tó pe ìwọ̀n fún ọ. Ìwọ̀n tí mo bá pè, gíláàsì ò gbọdọ̀ fi mílì kan jù ú lọ, kò ní wọlé. Wàsíù tó ń bá wa gé gíláàsì n'Ìkọ̀tún, kì í gé mílì, sẹ̀ǹtí gbáko ni tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sàmì sí tábìlì ẹ̀. Tó bá fi mílì mẹ́sàn-án kéré, rọ́bà á dì í mú. Tó bá fi sẹ̀ǹtí kan gbáko kéré, ó máa yọ bọ́ ni."

Ẹ̀rọ mi ń ka mítà pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn póìǹtì, Bùọ̀dá Wàsíù sì ń fẹ́ méjì péré. Kí n gé ọ̀kan tó kẹ́yìn dànù, ó tán. Mo rò pé ìrọ̀lẹ́ kan ló máa gbà mí.

Àìkú, 20 Oṣù Keje

Ó ṣiṣẹ́! Iná ò sí láti àárọ̀, epo jẹnẹrétọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣùgbọ́n áàpù ṣiṣẹ́. Èèyàn tẹ ìwọ̀n sí i, ó tò wọ́n, ó sì fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Mo fi han Ìyá mi ní ibi tó ti ń yan gaàrí. Ó ní ó dára, ó ní kí n kúrò lójú èéfín. Mo ti ń rí i pé gbogbo oníṣẹ́ fèrèsé láti Ìpájà dé Ìyànà-Ìpájà yóò máa bẹ̀ mí fún un.

Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Keje

Ìgàndó. Òjò rọ̀ látàárọ̀ di ọ̀sán, a ò sì dúró. Bàbá ń gbé ẹ̀rọ ti ojú fèrèsé, ó ń yọ ti rọ́bà, ó ń pè, èmi ń tẹ̀. Ìbú nìkan là ń wọ̀n, gíga gbogbo wọn dọ́gba. Ó ń dúró níwájú ojú fèrèsé kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kí ojúlùmọ̀. Ó ń sọ pé, "Eléyìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ọ̀kan póìǹtì ọ̀kan márùn-ún odo, ó gún régé," tàbí "Eléyìí kọjú sí kànga, birikilà ibẹ̀ mutí."

Mọ́mì Ìbíyẹmí tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà bá wa níbẹ̀ pẹ̀lú agbòòrùn aláwọ̀ ewé. Ará Èkìtì ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọ ọ́ sójú pátákó. Ó ní, "Bàbá Mardiyah, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án ni àwọn ọmọ mi ń wọlé. Bí ìsàlẹ̀ yìí bá dára, ẹ̀yin náà lẹ máa ṣe ti òkè. Bí òjò bá sì wọlé bá àwọn ọmọ mi, mi ò ní bá yín jà, mi ò kàn ní mọ̀ yín rí ni." Bàbá ní, "Kò ní wọlé, Mà." Ohùn rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó tún padà lọ wọn fèrèsé tó ti wọ̀n tán.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Keje

Ìtìjú. Bùọ̀dá Wàsíù kì í fọwọ́ kan gíláàsì iṣẹ́ tuntun láì jẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi páálí gé mẹ́ta dánwò. Mo ti ń bínú pé ó ń fi àkókò ṣòfò. A gbé páálí mẹ́ta lọ dán wò nínú férémù mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Ìgàndó, méjì wọlé, ẹ̀kẹta kọ̀ jálẹ̀. Ìwọ̀n tí Bàbá pè jẹ́ 1.157. Áàpù mi kọ 1.16.

Bùọ̀dá Wàsíù wò mí, ó ní, "Àbúrò, gíláàsì kì í ṣe pákó tá a lè fá o. Tó bá ti tóbi, ó ti tóbi nìyẹn." Bàbá ká páálí náà sí méjì, ó gbé e sábẹ́ apá. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo dé ilé mo ṣí kóòdù, àṣìṣe náà sì ń wò mí lójú. Round ni mo lò. Round ń wo ibi tó súnmọ́ jù, 1.157 sì súnmọ́ 1.16 ju 1.15 lọ. Nínú iṣẹ́ Bàbá, kò sí òkè, ìsàlẹ̀ nìkan ló wà. Bó jẹ́ 1.159 pàápàá, 1.15 ni.

Jímọ̀, 25 Oṣù Keje

Mo ti yí i padà. Ó máa fi ọgọ́rùn-ún sọ ìwọ̀n di púpọ̀ kó lè di sẹ̀ǹtí, á fi floor gé ohun tó bá kù lẹ́yìn póìǹtì dànù, á sì fi ọgọ́rùn-ún pín in padà. 1.157 di 115.7, ó di 115, ó di 1.15. Mo gbìyànjú rẹ̀ lórí páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo wọn wọlé bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò. Mo fò sókè nínú kíláàsì òfìfo yẹn. Bàbá ní kí n rọra, ilẹ̀ ń yọ̀.

Jímọ̀, 1 Oṣù Kẹjọ

Gbogbo férémù ti parí. Mo fi ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínláàádọ́ta ránṣẹ́ sí Bùọ̀dá Wàsíù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọ̀la ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Mo ń retí rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń retí Iléyá.

Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹjọ

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Láàárọ̀, Bàbá ń fún ṣíkúrù ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n ka ìwọ̀n tí mo fi ránṣẹ́ sókè fún òun, kí òun kàn gbọ́ ọ. Mo rò pé ó kàn fẹ́ gbádùn ara rẹ̀ ni. Mo ń kà lọ bí ẹni ń ka ìròyìn. Mo dé nọ́ńbà kọkànlá, mo ní, "Ọ̀kan póìǹtì ọ̀kan mẹ́rin."

Ó ní, "Dúró. Tibo nìyẹn?"

Mo ní, "Ti ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, sà."

Ó gbé ṣíkúrù sílẹ̀. "Ọ̀kan póìǹtì ọ̀kan márùn-ún odo ni mo pè fún ọ níbẹ̀. Òun ló gún jù nínú gbogbo ẹ̀. Mi ò lè gbàgbé."

Mo ní bóyá mo tẹ̀ ẹ́ ṣì. Mo wò ó: 1.150 ni mo tẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́ níwájú rẹ̀. Áàpù ní 1.14. Bàbá ní kí n máa kà lọ. Ó tún dá mi dúró níbi kan tó pe 0.570 tí mo ka 0.56, àti ibi kan tó pe 0.580 tí mo ka 0.57. Kò wo bébà kankan. Inú orí rẹ̀ ni fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínláàádọ́ta wà. Mẹ́ta ti dín, sẹ̀ǹtí kan gbáko lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì jẹ́ pé àwọn tó pé pérépéré ló dín.

Mo pe Bùọ̀dá Wàsíù, kò gbé e. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìkọ̀tún, ẹ̀rù ń bà mí débi pé mi ò dúnàá dúrà. Ní ìdí tábìlì rẹ̀, ariwo ẹ̀rọ tó fi ń lọ etí gíláàsì ni kò jẹ́ kó gbọ́ fóònù. Mo ní kó dá iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ẹyọ kan ni. Èyí tó tóbi yìí." Mo wo àmì tó fi bírò kọ sí i lára: 11. Ti ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn.

Mo jókòó sórí àpótí gíláàsì. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Gbọ́, Mardiyah. Mi ò rí nǹkan kan o. Mo máa wá fèrèsé kékeré kan fi èyí sí, mo máa gé òmíràn fún ẹ. Bàbá ò ní mọ̀ láéláé."

Èèyàn rere ni Bùọ̀dá Wàsíù, ó sì wù mí kí n gbà. Gíláàsì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ nìyẹn. Títí kẹ̀kẹ́ fi gbé mi padà dé Ẹ̀gbẹ́dá ni mò ń bá ara mi jà. Bí mo bá dákẹ́, ṣọ́ọ̀bù á wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi orí nìkan mú àṣìṣe mi, ṣé èmi ni màá wá pa irọ́ fún? Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "O ṣeun tó o sọ fún mi." Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ ṣàlùwàlá. Kò sọ bóyá ó ń ti ṣọ́ọ̀bù tàbí kò tì í.

Àìkú, 3 Oṣù Kẹjọ

Ọjọ́ tó dùn jù nínú oṣù yìí lèyí o!

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Bàbá fà mí jókòó, ó ní kí n ṣàlàyé ìdí tí fóònù fi jalè. Mo ti kà nípa rẹ̀ láti ìdájí. Mo ní, "Bàbá, kọ̀ǹpútà ò lè di 1.15 mú gẹ́lẹ́ báwa ṣe ń kọ ọ́. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ìwọ̀n tó fi bíńtín dín ló wà níbẹ̀. Ojú ò lè rí bíńtín yẹn. Tí mo bá ní kó sọ ọ́ di sẹ̀ǹtí, kì í sọ 115, 114.99999999999999 ló máa sọ. Èmi sì ti ní kó má wòkè láé, kó gé ohun tó bá kù lẹ́yìn póìǹtì dànù. Ló bá gé gbogbo mẹ́sàn-án yẹn dànù, ó ku 114."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó dá a lójú pé 1.15 lòun dì mú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bó bá fẹ́ fi hàn wá pàápàá, 1.15 ló máa kọ.

Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ìyá mi ń kó abọ́ lọ́wọ́. Bàbá ní, "Bí ojú mi ṣe ń ṣe mí nìyẹn. Láti ọdún tó kọjá. Màá wo téèpù, màá rí ilà náà kedere lójú ara mi. Tí wọ́n bá gé e tán, á dín. Mo rò pé ọwọ́ ló ń gbọ̀n. Ojú ni."

Ìyá mi ní, "Bàbá Mardiyah, mo mọ̀. Mò ń dúró kẹ́ ẹ sọ ọ́ ni." Mi ò mọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Bàbá kò fẹ́ ká sunkún, ó yára padà sórí gíláàsì. Ó ní, "Ṣùgbọ́n kí lẹ ń fi póìǹtì ṣe gan-an? Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mùṣín, a ò mọ póìǹtì lọ́dọ̀ ẹ̀. Mílì là ń pè. Ti ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn yẹn, ẹgbẹ̀rún kan ó lé àádọ́jọ ni. Nígbà tó o gbé ẹ̀rọ yẹn dé, òun ló ń sọ póìǹtì, lèmi náà bá ń bá a sọ póìǹtì kẹ́ ẹ má bàa rò pé mi ò lajú."

Mo kọ́kọ́ wò ó lẹ́nu. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé àádọ́jọ! Nọ́ńbà odidi! Kọ̀ǹpútà kì í ṣi odidi mú. Bí 1150 bá wọlé, 1150 ló máa wà níbẹ̀ láìdín bíńtín. Kí n fi mẹ́wàá pín in, kí n ju ohun tó ṣẹ́kù nù, 115 ló máa jáde lójoojúmọ́ ayé. Mo tẹ bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìwọ̀n, ó sì yí láti mítà sí mílì lójú ẹsẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo rà á. Mo dì mọ́ Bàbá. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀ jàre, ooru ń mú.

Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹjọ

Kò sí póìǹtì kan ṣoṣo nínú áàpù mi mọ́. Láti rí i bó ṣe burú tó, mo jẹ́ kí kóòdù àtijọ́ ka gbogbo sẹ̀ǹtí láti 0.01 dé 3.00. Iye tó dín bà mí lẹ́rù. Mo jẹ́ kí tuntun ka gbogbo mílì láti 1 dé 3000, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kóòdù mìíràn. Kò sí èyí tó ṣì. Mo jó yí yàrá ká, mo sì fi ẹsẹ̀ gbá ike omi.

Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹjọ

Bàbá kò jẹ́ kí n fi nǹkan kan ránṣẹ́ títí mo fi ka gbogbo rẹ̀ sókè fún un. Ó di ojú, ó ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ó pé." Mo fi ránṣẹ́. Bùọ̀dá Wàsíù ń gé e lónìí, mi ò lè jẹun.

Mo bi Bàbá nípa ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní kí gíláàsì wọlé tán ná.

Ajé, 11 Oṣù Kẹjọ

Méjìdínlógún. Gbogbo wọn wọlé.

Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹjọ

Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n báyìí. Òjò dá wa dúró fún wákàtí méjì. Búrẹ́dì tí mo rà nígbà tí òjò ń rọ̀ ti tún wọ́n sí i.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹjọ

A fi ti ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, èyí tí Bùọ̀dá Wàsíù tún gé, sí ìkẹyìn, Bàbá ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Òun àti Bùọ̀dá Wàsíù gbé e, èmi ò lè wò ó, mo kọjú sí ògiri. Mo gbọ́ tí rọ́bà fún, mo gbọ́ tí Bùọ̀dá Wàsíù ní "Ó ti jókòó." Mo yíjú padà. Bàbá ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ gíláàsì náà káàkiri, ó ń wá ibi tó máa mì. Kò mì. Fèrèsé mẹ́rìndínláàádọ́ta!

Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹjọ

Òjò alátẹ́gùn rọ̀ látàárọ̀, èyí tó ń já páànù. Nǹkan bí aago mọ́kànlá, Mọ́mì Ìbíyẹmí pe Bàbá. Gbogbo wa sún mọ́ fóònù náà. Ó ní, "Bàbá Mardiyah, inú kíláàsì ni mo dúró sí. Mo ti fọwọ́ pa gbogbo abẹ́ fèrèsé, ọwọ́ mi gbẹ. Ẹ wá wọn ti òkè." Bàbá kí i títí, ó kí i débi pé obìnrin náà ní owó fóònù òun ń lọ. Mo pariwo tí aládùúgbò fi yọjú.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹjọ

Mo mú Bàbá lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò. Dókítà ní awọ fẹ́lẹ́ kan ló ti bo ẹyinjú méjèèjì, pé ó ṣeé yọ, wọ́n sì dá ọjọ́ fún wa nínú oṣù kẹwàá. Bàbá bi í pé ṣé òun á tún lè rí mílì. Dókítà ní òun gbà bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé káàdì Bàbá sórí àga, wọ́n ní láti sáré tẹ̀ lé wa.

Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹjọ

Lónìí Bàbá ní kí n bá òun pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Bàbá Abdulsobur. Mo rò pé ìkíni lásán ni. Ó ní kí n gbé e sí gbangba kí òun má bàa máa wá bọ́tìnnì.

Bàbá Abdulsobur ní, "Nùrẹ́nì, yàrá rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. A ti rẹ́ ògiri, wọ́n sì gbé ilẹ̀kùn dé lánàá."

Ìyá mi wò mí, mo wo Ìyá mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa. Láti ìgbà wo ni Bàbá ti ń fi owó ránṣẹ́ sílé? Ọkùnrin yìí kò fi ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù bà wá rárá, ó ti ń di ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bàbá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ wá ẹni tó máa háyà yàrá náà. Mi ò bọ̀ mọ́. Wọ́n ti fún wa ní ti òkè."

Bàbá Abdulsobur ní, "Ojú rẹ tó o ní kí n má sọ fẹ́nì kankan ńkọ́? Ṣé ó ti là ni?"

"Kò tíì là," ni Bàbá wí, "ṣùgbọ́n mo ti sọ fún wọn."